Ẹ̀dọ̀ Ìyá Mi àti Ìbínú Mi

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi ti máa ń pọ́n. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà ní Ṣàgámù, òun náà ni ìyá tó bí wọn tà títí ó fi kú, omi obì sì ti wọ ọwọ́ wọn débi pé kò sí ọṣẹ tó lè bó o mọ́. Bí ẹ bá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí dókítà wá ń sọ fún mi, lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé kí àtẹ́lẹwọ́ máa pọ́n wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ èèyàn ń ṣàìsàn, mo kàn ń wò ó ni. Nínú ọjà obì, ta ni ọwọ́ rẹ̀ kì í pọ́n? Ibo ni kí n ti mọ̀? Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e sínú, ó sì ń jẹ mí.

Kò sí àmì kan tó yọjú lára ìyá mi tí a kì í di ẹ̀bi rẹ̀ ru iṣẹ́ obì. Bó bá rẹ̀ wọ́n, agbọ̀n obì ló wúwo. Bí oúnjẹ ò bá wù wọ́n, obì ló pa ebi. Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ díẹ̀, torí ẹni tó ń ta obì gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò. Agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, wọ́n á gé ọ̀kan jẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹni tó gbé e wá lóhùn. Kó tó di ọ̀sán, obì tí wọ́n ti jẹ á ti tó ohun tí kì í jẹ́ kí ebi pa èèyàn. Ó di ẹ̀yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jókòó ti oúnjẹ gidi: fùfú ńlá, tàbí ìkọ́kọrẹ́ tí epo léfòó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, oorun ló kàn.

Mínírà ló ń gbé wọn láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ilé mùsùlùmí ni ilé wa, ọtí kì í wọ ibẹ̀, torí náà bí oníbàárà bá dé láti òkè Ọya tàbí láti Èkó, mínírà tútù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iye tí obì jẹ́. Ìyá mi náà á ṣí tiwọn, wọ́n á bá a mu ún. Wọ́n ní oníbàárà tó bá dá mu á máa rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Bí oníbàárà mẹ́rin bá wá, ìgò mẹ́rin nìyẹn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀, torí àlejò ṣíṣe ni.

Ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ni ikùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Apá ò sanra, ẹsẹ̀ ò sanra, ikùn àti ìbàdí nìkan ló ń tóbi sí i. Inú mi dùn. Bí àwọn ojúlùmọ̀ bá pàdé mi ní Ṣàgámù, wọ́n á ní Àlàájà ń jayé o, ẹ̀ ń tọ́jú wọn, èmi náà á sì máa yan bí ẹni tó ṣe nǹkan bàbàrà. Olùkọ́ ni mí ní Ìperu. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ dirun fún wọn, ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni mo sì rí i pé ẹ̀yìn ọrùn wọn ti dú, awọ rẹ̀ ti ki bí aṣọ àrán. Bó ṣe ń dú díẹ̀díẹ̀ ni ò jẹ́ kí n fura látọjọ́ yìí. Mo pariwo lé wọn lórí. Mo ní Màámi, ṣé ẹ kì í fọ ọrùn ni? Mo mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, mo ha ọrùn ìyá mi títí wọ́n fi bú mi pé ṣé mo fẹ́ bó wọn láwọ ni. Ó dú síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún ha á.

Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ara mi kì í gba nǹkan. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ dé àárín, mo ti dáhùn, mo sì ti bínú sí ìdáhùn tí mo fún ara mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi mọ̀ mí, àwọn ará ilé wa mọ̀ mí, ìyá mi mọ̀ mí ju gbogbo wọn lọ. Bí mo bá ti gbiná, gbogbo wọn á yà fún mi lọ́nà.

Obìnrin méjì ló ń bá ìyá mi ṣa obì, wọ́n ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé Ìyá fara ti ògiri, wọ́n fi ọwọ́ di abẹ́ ìhà ọ̀tún mú, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ṣàgámù. Ìyá mi ní kò le, pé nǹkan kan kàn wúwo sí àwọn lábẹ́ ìhà ni, torí àwọn ti ń tẹ̀ sórí agbọ̀n láti àárọ̀. Mo ní ẹ dìde. A lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú wọn, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì.

Dókítà tó rí wa kò dàgbà, ó lè jẹ́ ọmọ tí mo kọ́. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣàlàyé fún wa dáadáa, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ìyá mi. Ó ní ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ wọn. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà ti ga, pé àwọn méjèèjì ló sábà máa ń rìn pọ̀, ikùn tó yọ àti ọrùn tó dú náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún èèyàn. Ó ní ẹ̀dọ̀ náà ti ń le lápá kan, àmọ́ kò tíì le tán, pé bí wọ́n bá pa mínírà tì, tí wọ́n dín òkèlè kù, tí wọ́n ń jẹun lọ́sàn-án dípò alẹ́, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ó kọ oògùn ṣúgà. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìyẹ̀. Ìyá mi ń mi orí, wọ́n ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè.

“Mà, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?”

Ẹ ní láti mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe rí létí wa. Ìyá mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí wọn, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀kùn ò tì tán, obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró de dókítà, mo sì rí i tó yí etí sí wa. Ní àdúgbò wa, àìsàn ẹ̀dọ̀, àìsàn ọ̀mùtí ni wọ́n kà á sí. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí ikùn rẹ̀ wú títí ó fi kú, ògógóró ni gbogbo ayé sọ pé ó pa á, wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá mi ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní rárá, ọmọ mi, mi ò mu ọtí rí. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè bóyá wọ́n máa ń lo àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo bi í pé ìyá ta ló ń wò bí ọ̀mùtí. Mo sọ oríṣiríṣi, mi ò lè máa kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ó ń gbìyànjú láti sọ pé gbogbo aláìsàn lòún máa ń bi bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe wọ́n yìí kì í ṣe ti ọtí rárá, pé ìdí tóun fi ń béèrè gan-an nìyẹn. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú. Wọ́n fa ọwọ́ náà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní, “Jẹ́ ká gbọ́ tán.” Èmi ò gbọ́ tán. Mo fà wọ́n jáde, mo rún ìwé tí dókítà kọ mọ́wọ́, ojú nọ́ọ̀sì ni mo ṣe jù ú sínú pàǹtí.

Lọ́nà ilé, ìyá mi fi ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ wa sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ náà ò bú àwọn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ jàre, pé a ò ní padà síbẹ̀ mọ́, màá wá ọsibítù mìíràn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n padà sórí tẹ̀súbà wọn. Àbúrò mi kan ṣoṣo, ọkùnrin, ló ń kó obì lọ tà ní òkè Ọya. Òun ló máa ń bẹ̀ mí kó tó lọ pé, Àǹtí mi, ẹ bá mi mójú tó Màámi. Nígbà tó pè láti béèrè ohun tí wọ́n sọ ní ọsibítù, mo ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹnu mi kọ̀ láti dárúkọ ẹ̀dọ̀.

Oṣù mẹ́ta pé. Ìyá mi ló rántí, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní ọjọ́ tí dókítà dá ńkọ́? Mo ní ìdánwò àwọn ọmọ ló wà nílẹ̀, bí ó bá parí, a ó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ rí ẹlòmíràn. Ìdánwò parí, Iléyá dé. Iléyá kọjá, mo ní ó di ìparí oṣù. Wọ́n tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ò wá béèrè mọ́. Wọ́n ti dín mínírà kù fúnra wọn, àmọ́ bí oníbàárà bá dé, ojú á tì wọ́n, wọ́n á tún bá a mu ún. Mo rí i. Mo ní kò burú, ìgò kan ò lè pa èèyàn.

Nígbà tí nǹkan yóò bàjẹ́, ó bàjẹ́ kíá. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn láìsí èéyi. Wọ́n rù ní èjìká àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà ò wọ̀ wọ́n mọ́. Ìtọ̀ wọn dú bí omi tí wọ́n fi fọ obì. Mo dé lọ́jọ́ Àìkú kan, a jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, mo wo ojú wọn, funfun ojú náà ò funfun mọ́, ó ti ní àwọ̀ èso ìyeyè. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní ibà pọ́njú ni. Ìyá kan gbé ìgò àgbo wá. Èmi ni mo gbà á. Èmi ni mo ń bu ún fún wọn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀, inú mi sì balẹ̀ pé mò ń tọ́jú ìyá mi. Ìgò kan tán, mo ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Dókítà sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé ẹ̀dọ̀ tó ti ń kú lọ ni mò ń gbé ẹrù lé lórí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì yẹn gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ìperu. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò lè wọlé, kò lè lọ. Ó ní kí n má bínú. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ti ń tún obì ṣa lẹ́yìn Ìyá, bí wọ́n bá ti lọ kírun. Ìyá ń kó obì tí kòkòrò ti jẹ mọ́ èyí tó dára, wọ́n ń da èyí tó dára nù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Bí ẹ bá sì bá wọn sọ̀rọ̀, nǹkan míì ni wọ́n á fi dáhùn. Ó ní àwọn méjèèjì ò sọ ọ́ torí àwọn ò fẹ́ kí ojú ti Ìyá. Ìyá mi yìí, tó jẹ́ pé wọ́n lè dijú, kí wọ́n fi àtàǹpàkò ra obì, kí wọ́n sọ fún yín pé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo wá àga, mi ò rí i, mo jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé mi.

Ọsibítù kan náà la gbà lọ, torí òun ló súnmọ́. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí wọ́n ti gbé dókítà yẹn lọ síbòmíràn. Ẹ wo irú àdúrà tí mò ń gbà nígbà tí ìyá mi ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wà níbẹ̀. Òun ló gbà wá. Ó mọ̀ wá lójú kan náà, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi. Ó tẹ ikùn wọn, omi ló kún inú rẹ̀. Ó wo ojú wọn, ó wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà ń já wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé.

Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi ti òkè Ọya dé, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ti gbẹ, ó ti le, pé ohun tó ti le bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ mọ́, àwọn á máa fa omi náà, àwọn á sì máa ṣe ohun tí àwọn lè ṣe. Dókítà wá béèrè ohun tó ti ń dùn ún láti àná. Ó ní kí ló dé tí a ò padà wá ní oṣù mẹ́ta tí òun dá?

Àbúrò mi yíjú sí mi. Ó ní oṣù mẹ́ta wo? Ó ní Àǹtí mi, ṣé ẹ ti wá síbí rí ni?

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo fẹ́ sọ ọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ pé láti ìdájí ni wọ́n ti ń pè mí ní orúkọ ìyá tó bí wọn, ló gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ketekete.

“Èmi ni mo kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀ mí títí, ó sunkún, mo ní mi ò lọ. Má bi í ní nǹkan kan.”

Dókítà wò mí. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mọ ẹni tó fa ẹni jáde. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń fún mi láyè, ó wá tẹrí ba sórí ìwé tó ń kọ. Èmi dúró síbẹ̀. Mo ń tún aṣọ tí ìyá mi fi bora ṣe.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo tọ dókítà lọ ní kọ́rídọ̀, mo kúnlẹ̀ fún un lójú àwọn èèyàn. Mo ní kó gé nínú ẹ̀dọ̀ tèmi. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbì kan. Ó gbé mi dìde, ó ní wọn ò lè ṣe é níbẹ̀, pé ara ìyá mi ò tilẹ̀ lè gbà á mọ́. Mo ní kó ṣáà gé e, kó gé e kó jù ú nù. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Ó ní kí n lọ jókòó ti ìyá mi, pé ohun tí wọ́n nílò nìyẹn. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí a dá wà, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi purọ́ fún àbúrò mi. Wọn ò mọ ohun tí mò ń wí mọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti fún oníbàárà ní omi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní ọjọ́ kọkànlá tí a ti wà níbẹ̀, ni ìyá mi lọ.

Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, àbúrò mi dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ẹbí. Ó ní mo bẹ̀ wọ́n títí, mo sunkún, pé ọmọ kì í tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyá tó jókòó yí mi ká ń gbá mi mọ́ra, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò gbìyànjú láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é jókòó. Àbúrò mi kì í lọ sí sàréè ìyá wa. Ó ń bínú sí wọn. Ó ní ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kò ní fi agídí pa ara rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ kẹ́yìn, inú ṣọ́ọ̀bù la wà, ó ń ṣa obì, kò wo ojú mi. Ó ní èmi nìkan ni òún ní láyé tí òún lè gbára lé. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀. Mo mú àpò mi, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìperu.